Ìbọn Kò Bá Àmì Mọ́? Ẹ Má Tíì Dá Awò Lẹ́bi

Ní Texas tí mò ń gbé, Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá ni àsìkò ọdẹ àgbọ̀nrín máa ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, fóònù mi kì í sinmi. Lọ́dún tó kọjá, bọ̀dá kan tí wọ́n jù mí lọ dáadáa pè mí: "Àbúrò, awò orí ìbọn mi ti kú o. Mo yí i, mo yí i, kò gbọ́ tèmi mọ́." Mo ní kí wọ́n gbé e bọ̀ ní pápá ìyìnbọn. Nígbà tí wọ́n dé, a kọ́kọ́ yẹ inú ìbọn wò pé kò sí ọta níbẹ̀, mo wá di awò náà mú, mo rọra mì ín. Ó dún kó. Síkúrù méjì tó de irin ìjókòó awò mọ́ ara ìbọn ti dẹ̀. Dọ́là 400 ni wọ́n ti fẹ́ fi ra awò tuntun, èyí tí wọ́n sì fẹ́ jù nù kò ní àìsàn kankan lára.

Awò ni mo ń pe gíláàsì gígùn tó ń fa ohun tó jìn sún mọ́ ojú, èyí tí àwọn ẹgbẹ́ wa níbí ń pè ní sìkóòpù. Òun ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ mú lọ́daràn, kò sì yà mí lẹ́nu: òun ni ojú ń wò, òun ló sì ní orí tí ọwọ́ lè yí. Bẹ́ẹ̀ rèé, nínú àwọn ìbọn tí wọ́n ti gbé wá bá mi, awò tó bà jẹ́ lóòótọ́ kò pọ̀. Síkúrù, ọta, ọ̀pá ìbọn àti èjìká ẹni tó ń yìn ín ló máa ń jẹ̀bi jù.

Ẹni tó bá dàgbà ní abúlé mọ ṣakabùlà. Inú ọ̀pá rẹ̀ dán bọ̀rọ́, kò ní ìlà kankan, nítorí náà bí ọta bá ti jáde, ibi tó wù ú ló ń tẹ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí ọdẹ fi ń yọ́ tọ ẹran lọ títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ èémí rẹ̀. Ráífù kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ìlà tó lọ́ bí okùn sínú ọ̀pá rẹ̀, ìlà yìí ló ń mú kí ọta máa pòòyì bó ṣe ń lọ, bí òkòtó tí ọmọdé ta sílẹ̀. Òkòtó tó ń yí kánkán máa ń dúró ṣánṣán, èyí tí kò yí tó á máa ta gọ́ọ̀gọ́ọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọta. Ohun tó ń mú ráífù bá àmì ní ọ̀ọ́kán pọ̀, ìdí nìyẹn tí ohun tó lè yà á lọ́wọ́ náà fi pọ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó bá pè mí: ṣé àwọn ihò kó ara wọn jọ, àbí wọ́n fọ́n ká? Ẹ gbé ìbọn lé àpò iyanrìn, ẹ yin ọta márùn-ún sí ojú àmì kan náà ní yáàdì 100, ẹ má fọwọ́ kan awò rárá. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ wo bébà. Bí ihò márààrún bá kó jọ tó bẹ́ẹ̀ tí ìdérí ife lè bò wọ́n, ṣùgbọ́n tí wọ́n wà nísàlẹ̀ lápá òsì, ara ìbọn yín le. Ibi tí awò ń wò àti ibi tí ọ̀pá ìbọn kọjú sí ni kò tíì bára mu, orí tí a ń yí lára awò sì wà fún irú ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ihò bá fọ́n ká bí àgbàdo tí wọ́n dà sílẹ̀ fún adìyẹ, kò sí bí ẹ ṣe lè yí awò tó máa kó wọn jọ. Ṣe lẹ kàn máa kó àgbàdo yẹn láti apá òsì lọ dà á sápá ọ̀tún. "Ìbọn mi kò bá àmì" ni a ń pe méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ọ̀tọ̀ ni àìsàn kìíní, ọ̀tọ̀ ni ti kejì.

Ọta márùn-ún ni mo wí o, mi ò wí mẹ́ta. Mẹ́ta máa ń tanni jẹ. Ìbọn tó ń fọ́n ọta ká lè ṣèèṣì to mẹ́ta sójú kan lọ́jọ́ kan, olówó ẹ̀ á ya fọ́tò, á gbé e sórí WhatsApp. Lọ́sẹ̀ kejì, mẹ́ta mìíràn á lọ síbi tó wù wọ́n, á ní awò ti bà jẹ́. Bí owó ọta bá wà, mẹ́wàá tún sàn ju márùn-ún lọ.

Èyí tó burú jù ni ká máa lé ọta kiri: ọta kan lọ sọ́tùn-ún, a yí awò sósì, èyí tó tẹ̀ lé e lọ sókè, a yí i sílẹ̀. Ìṣirò wà nídìí èyí. Bí ìfọ́nká bá ti jẹ́ ti ìbọn fúnra rẹ̀, tí ẹ sì ń yí awò lẹ́yìn ọta kọ̀ọ̀kan láti fi pa àṣìṣe tó kọjá rẹ́, ìfọ́nká yẹn á fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 41 nínú 100. Bọ̀dá mi ti fi páálí ọta méjì ṣe èyí kí wọ́n tó pè mí.

Ìṣirò orí awò náà máa ń da ọ̀pọ̀ lójú rú. Orí kékeré méjì ló wà níbẹ̀: tòkè ń gbé ọta sókè tàbí sílẹ̀, tẹ̀gbẹ́ ń gbé e sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ọfà tí wọ́n yà sára wọn ń sọ ibi tí ọta máa lọ, kì í ṣe ibi tí àgbélébùú inú awò (ìlà méjì tó dábùú ara wọn, tí a fi ń fojú sí àmì) máa lọ. Bí ẹ bá ń yí i, á máa dún kẹ́, kẹ́, kẹ́. Lára awò ọdẹ tó wọ́pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà, kẹ́ kan jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin MOA. MOA yìí jẹ́ ìdá kan nínú 60 dígírì kan; ní yáàdì 100, ó jẹ́ ínṣì 1.047. Àwa a máa pè é ní ínṣì kan, kò sẹ́ni tó bá wa jà. Kẹ́ mẹ́rin á wá gbé ọta ní ínṣì kan.

Ní yáàdì 100 ni o. Ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ ní yáàdì 25, ó sì dára bẹ́ẹ̀, torí ọta kò ní fo bébà dá. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, kẹ́ mẹ́rin yẹn kò gbé ọta kọjá ìdá kan nínú mẹ́rin ínṣì. Ẹni tí ọta rẹ̀ wọlẹ̀ ní ínṣì méjì ní láti yí kẹ́ 32. Ó yí mẹ́jọ, ọta sún ní ìdajì ínṣì, ó ní awò kò gbọ́ràn! Awò gbọ́, òun ni kò ṣírò. Àwọn awò mìíràn sì wà tí kì í ṣe MOA ni wọ́n fi wọ̀n, bí kò ṣe ìwọ̀n mìíràn tó ń jẹ́ mil. Kẹ́ kan tiwọn sábà máa ń jẹ́ ínṣì 0.36 ní yáàdì 100, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà kan ní mítà 100. Ohun tí wọ́n kọ sára awò yín ni kí ẹ kà, ẹ má fi ti ọ̀rẹ́ yín ṣírò tiyín.

Ó dáa, ká ní ihò fọ́n ká lóòótọ́. Ẹ yọ ọta kúrò nínú ìbọn, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ tó mú sípánà. Ibi mẹ́ta ni síkúrù wà: èyí tó de irin ìbọn mọ́ igi ìdí rẹ̀, èyí tó de irin ìjókòó awò mọ́ orí ìbọn, àti èyí tó fún òrùka mọ́ awò lára. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa gòkè bọ̀. Agbára ọkùnrin kọ́ la ń wá níbí. Sípánà kékeré kan wà tó ń ka bí ìfún ṣe le tó. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe òrùka awò ń fẹ́ kí síkúrù rẹ̀ wà láàárín ínṣì-pọ́ùn 15 sí 25, ìwé tó bá òrùka yín wá á sọ iye gan-an. Mo ti rí awò tí ẹnì kan fún pa. Òrùka jẹ ẹ́ lára wọnú, àwọn nǹkan tó yẹ kó máa rìn nínú rẹ̀ sì há. Ọwọ́ ẹni náà ló ba awò jẹ́, ó sì ń bú ẹni tó tà á fún un.

Ọgbọ́n kékeré kan tí mo fẹ́ràn: ẹ fi bírò fa ìlà tín-ín-rín kan láti ara òrùka bọ́ sára awò. Ẹ yin ọta mẹ́wàá. Bí ìlà náà bá ti já sí méjì, awò ń yọ́ sẹ́yìn nínú òrùka nígbà tí ìbọn bá ń tàpá. Lórí ìbọn tó ń tàpá gan-an, bíi .300 Winchester Magnum, mo ti rí èyí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ẹ mú owó dọ́là kan, ẹ ṣẹ́ ẹ po, ẹ fi sáàárín ọ̀pá ìbọn àti igi tó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ fà á láti ẹnu bọ̀ wá sẹ́yìn. Lọ́pọ̀ ìbọn òde òní, ó yẹ kó máa yọ́ lọ geere. Bó bá há níbì kan, igi ń ti ọ̀pá ìbọn. Igi gidi máa ń wú bí ilẹ̀kùn ilé ṣe ń wú lásìkò òjò, ìbọn tó bá àmì ní oṣù kẹjọ á wá ní orí kunkun ní oṣù kọkànlá. Ike olówó pọ́ọ́kú náà lè tẹ̀ bí ẹ bá gbé e lé irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí wọ́n fi ń gbé ìbọn dúró, kó sì lọ kan ọ̀pá.

Lẹ́yìn síkúrù, ọta. Ọta tí ìbọn kan ń jẹ tó ń sanra lè jẹ́ májèlé fún èkejì, bí àwọn ìbọn méjèèjì tilẹ̀ jọ ń jẹ irú ọta kan náà, bíi .30-06, tí wọ́n sì jáde nílé-iṣẹ́ kan náà. Ẹ gba irú ọta méjì tàbí mẹ́ta tí ìwúwo wọn yàtọ̀, ká ní gíréènì 150, 165 àti 180, ẹ yin márùn-ún-márùn-ún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí bébà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má pa wọ́n pọ̀ mọ́ra, ẹ sì rí i pé orúkọ ọta bá èyí tí wọ́n kọ sára ìbọn mu pátápátá. Nígbà mìíràn ìlà inú ọ̀pá ni kò yí ọta tó. Ráífù .223 tí ìlà rẹ̀ ń lọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú ínṣì 12 á yin ọta gíréènì 55 dáadáa, ṣùgbọ́n ọta gígùn ti gíréènì 75 á di òkòtó tó ń ta gọ́ọ̀gọ́ọ̀. Ẹ máa mọ̀ ọ́n lára bébà: ihò kò ní rí róbótó, á gùn gbọọrọ, torí ẹ̀gbẹ́ ni ọta fi wọlé.

Ọ̀rọ̀ ti ọ̀pá ìbọn ò le púpọ̀. Bàbà ara ọta àti ẹ̀tù tó jóná máa ń lẹ̀ mọ́ ìlà inú rẹ̀, títí ìlà á fi kún. Ẹ fọ̀ ọ́, láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú, kí ọ̀pá ìfọbọn má baà máa ha ẹnu ìbọn. Etí ẹnu yẹn ló fọwọ́ kan ọta kẹ́yìn. Bí ó bá ti fọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan báyìí, atẹ́gùn gbígbóná á ti ẹ̀gbẹ́ yẹn kọ́kọ́ tú jáde, á sì ti ọta nídìí. Ṣùgbọ́n ẹ má fọ̀ ọ́ mọ́ tán ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọdẹ. Ọta àkọ́kọ́ láti inú ọ̀pá tí òróró ṣì wà nínú rẹ̀ sábà máa ń lọ síbi tí àwọn yòókù kò lọ.

Èjìká wá kù. Kò sí ọkùnrin tó fẹ́ gbọ́ èyí, torí náà mi ò kì í sọ ọ́ lẹ́nu, mo máa ń fi hàn wọ́n ni. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rẹ́ yín máa bá yín ki ọta, kí ó máa fi ọta ayédèrú tí kò ní ẹ̀tù sí i láìsọ fún yín. Ẹ fojú sí àmì, ẹ fa tírígà. Bí ó bá jẹ́ ayédèrú ló wà níbẹ̀, tí ẹnu ìbọn sì rì wọ̀ọ̀ bí ẹni tó tòògbé, ẹ̀yin lẹ ń ta gìrì kí ìbọn tó tàpá. Ọkùnrin kan tí apá rẹ̀ tó itan mi ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú wa, gbogbo wa dákẹ́. Ìwòsàn rẹ̀ ni kó fi ìbọn .22 tí kì í tàpá kọ́ ìka rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kó sì dí etí dáadáa, torí ariwo ń dẹ́rù bani ju ìtàpá lọ.

Láyé àtijọ́, àwọn baba wa máa ń fi àrokò ránṣẹ́ síra wọn, ẹni tó gbà á ní láti mọ̀ ọ́n kà. Ihò ara bébà náà jẹ́ àrokò. Bí wọ́n bá tò lóròó bí ẹsẹ̀ àkàbà, ẹ wo ọta tí agbára ẹ̀tù rẹ̀ kò dọ́gba, ẹ wo igi tó ń ti ọ̀pá, ẹ sì wo bí ẹ ṣe ń mí. Bí wọ́n bá tò ní ìbú, afẹ́fẹ́ tàbí ìka tó ń fa tírígà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Bí méjì àkọ́kọ́ bá dára, tí ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin àti ẹ̀karùn-ún sì ń rìn lọ síbì kan náà díẹ̀díẹ̀, ọ̀pá ti gbóná. Ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó tún yìn. Ṣùgbọ́n bí ihò bá pín sí agbo méjì, ọta kan níbí, èkejì lọ́hùn-ún, ẹ̀kẹta tún padà síbí, ohun kan ń mì láàárín ibi méjì. Bí gbogbo síkúrù bá sì le gírígírí, ìgbà yìí ni mo tó máa ń wo awò tìfura-tìfura.

Nínú awò, ọpọ́n kékeré kan wà tó gbé àgbélébùú dání, sípíríìgì sì ń tì í mọ́ ìdí orí méjì tí a ń yí. Bí sípíríìgì yìí bá rọ, ìtàpá kọ̀ọ̀kan á sún ọpọ́n náà, ó sì lè má padà síbi tó wà. Àmì rẹ̀ kan ni pé ẹ yí awò, ọta tó tẹ̀ lé e kò sún rárá, àfi lẹ́yìn ọta kejì tàbí ẹ̀kẹta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fò lọ síbẹ̀. Ìtàpá ló jí i.

Ẹ lè dán an wò báyìí. Ẹ lẹ bébà ńlá síbi tó jìn tó yáàdì 100, ẹ fi àmì kan sí àárín. Ẹ yin ọta mẹ́ta sí i. Ẹ yí kẹ́ 24 sókè, ẹ tún fojú sí àmì àárín kan náà, ẹ yin mẹ́ta. Ẹ yí 24 sọ́tùn-ún, mẹ́ta. 24 sílẹ̀, mẹ́ta. 24 sósì, mẹ́ta. Igun mẹ́rin àpótí ló yẹ kí ẹ rí, tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan á tó ínṣì mẹ́fà àti díẹ̀, agbo ìkẹyìn sì gbọ́dọ̀ padà wá jókòó lórí ti àkọ́kọ́. Bí àpótí bá wọ́, tí agbo ìkẹyìn kò sì mọ ilé mọ́, ẹ ti mú olè. Níbí nìkan ni mo ti gbà kí ẹ lo ọta mẹ́ta, torí a kò wọn ìfọ́nká, a ń wo ibi tí wọ́n lọ. Ìbọn tó ń fọ́n ọta ká ní ínṣì mẹ́rin kò lè ṣe ìdánwò yìí.

Ẹni tí kò fẹ́ ná owó ọta lè di ìbọn tí kò ní ọta mọ́ tábìlì gbọn-in, kó fojú sí rúlà gígùn kan lọ́ọ̀ọ́kán, kó máa yí awò, kó máa wò bóyá àgbélébùú ń rin iye tó yẹ. Kó tún yí agbára ìfàsúnmọ́ láti 3 dé 9. Bí àgbélébùú bá kúrò lójú àmì bí ó ti ń yí i, àléébù nìyẹn pẹ̀lú.

Ohun kan wà tó jọ awò tó bà jẹ́, tí kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà kì í ka abẹ́rẹ́ eré ọkọ̀ bákan náà pẹ̀lú dẹ́rẹ́bà, torí ẹ̀gbẹ́ ló ti ń wò ó. Àgbélébùú inú awò náà rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ awò ọdẹ ni wọ́n ti ṣètò kí ó ṣe rẹ́gí ní yáàdì 100, ti ìbọn .22 sì sábà máa ń jẹ́ 50. Bí ẹran bá wà níbòmíràn tí ojú yín kò sì sí láàárín gíláàsì, àgbélébùú á dà bí ẹni tó sún. Ẹ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ sójú kan náà lórí igi ìbọn nígbà gbogbo, ọ̀rọ̀ náà á parí. Ìkùukùu náà ńkọ́? Ní Houston, ẹni tó gbé awò jáde láti inú ọkọ̀ tí AC ti mú tutù á rí i pé ó fọ́jú lójú ẹsẹ̀. Bí ìka bá nù ún kúrò, ooru ìta ni. Bí kò bá ṣeé nù, inú ló wà: gáàsì gbígbẹ tí wọ́n fi kún inú awò ti jò, omi ti ráyè wọlé.

Ẹ̀rí tó ju gbogbo ìdánwò yìí lọ ni kí ẹ yọ awò tí ẹ fura sí, kí ẹ gbé èyí tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìbọn mìíràn sí ipò rẹ̀. Bí ìbọn bá dá ṣáṣá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, awò ni. Bí kò bá dá, ẹ kò tíì ná dọ́là kankan lásán. Àmọ́ nǹkan kan ni kí ẹ pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó pààrọ̀ awò, ọta àti òrùka lọ́jọ́ kan náà lè rí ìwòsàn, ṣùgbọ́n kò ní mọ ẹni tó wò ó sàn. Bó bá sì jẹ́ awò ló bà jẹ́ lóòótọ́, ẹ má tíì jù ú nù: Leupold àti Vortex máa ń tún awò wọn ṣe láìgba owó, ì báà jẹ́ pé ọwọ́ ẹlòmíràn lẹ ti rà á.

Ẹ má sì wá ohun tí ìbọn kò ṣèlérí. Ráífù ọdẹ lásán tó ń kó ọta márùn-ún jọ láàárín ínṣì kan àbọ̀ sí méjì ní yáàdì 100 kò ṣe nǹkan kan. Àyà àgbọ̀nrín tí à ń fojú sùn fẹ̀ tó ínṣì mẹ́jọ.

Ti bọ̀dá mi, a fún síkúrù méjèèjì, a nu òróró ara wọn kúrò ká tó dá wọn padà, a sì yin márùn-ún. Ínṣì kan àti díẹ̀. Wọ́n fẹ́ máa yìn lọ títí ilẹ̀ á fi ṣú, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé ìbọn wọlé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tí ọ̀pá ti tutù pátápátá, mo ní kí wọ́n padà wá yin ọta kan ṣoṣo, torí inú ọ̀pá tútù ni ọta àkọ́kọ́ ọjọ́ ọdẹ ti máa ń jáde, kí wọ́n fi bírò kọ déètì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò rẹ̀, kí wọ́n sì máa lọ sílé. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ní àárọ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí Sátidé yẹn tó pé, bébà náà ṣì wà nínú ọkọ̀ wọn.